Mi Ò Bẹ Ẹnikẹ́ni Nítorí Àbẹ̀ní

Àbẹ̀ní ló ń kọ ọ́. Ọmọ ọmọ mi ni. Èmi ò mọ̀wé, n kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá kúrú, kó kúrú bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi Àkànní ń bínú sí mi. Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Pobẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ọjà tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a kí mi. Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀ní ló fà á. Ó fẹ́ wọ iléèwé kan ní Kútọnu, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní okòwò, ti àwọn tó ti ṣe yunifásítì tán. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ nígbà kan, torí nọ́ọ̀tì, èsì ìdánwò tó mú bọ̀ láti yunifásítì Gabon kò dáa. Ó tún gbé dosíè rẹ̀, àpò ìwé tó fi ń wá ààyè, lọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n pè é kó wá sọ tẹnu ẹ̀. Mo bá a lọ, mo jókòó, a padà wálé. A ń retí ìdáhùn. Ohun tó ń bí Àkànní nínú ni pé mo dé ẹnu ọ̀nà wọn tán, mi ò bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín wà nínú omi, ẹ wá dúró létí odò, ẹ ká ọwọ́ gbera."

"Ó mọ omi í wẹ̀."

"Pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wo? Ẹni tó mọ omi í wẹ̀ ló ń mú irú nọ́ọ̀tì yẹn wálé?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Nílé wa, bí ọmọ bá ní àbùkù, àgbà ló ń wọ agbádá, tó ń mú obì àti ìgò ọtí sódábì dání, tó ń lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ Àbẹ̀ní lẹ́ẹ̀kejì yìí, orí mi ni gbogbo ẹbí máa gbé e lé. Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi bẹ̀bẹ̀ ni mo ní kó kọ sílẹ̀. Gabon ni ìdí ẹ̀ wà.

Oko ni mo ti kúrò, ní Yoko. Ilẹ̀ bàbá wa ò tó èmi àti Àkànní. Mo lọ. Bí mo ṣe débẹ̀, ẹ má bi mí. Ọ̀nà jìn, mo dé.

Ará Àjàṣẹ́ kan wà ní Libreville tó ti pẹ́ níbẹ̀. Olóyè là ń pè é, kò joyè kankan. Òun ló bá mi bẹ ọ̀gá tó ń kó àwọn aláàárù ṣiṣẹ́ létí òkun. Wọ́n ń pe ọ̀gá náà ní sẹ́ẹ̀fù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, mo rí sẹ́ẹ̀fù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fò sẹ́yìn. Ó ń wo ilẹ̀ lábẹ́ mi. Àwọn tó ń ru ẹrù rò pé nǹkan mi ló já bọ́, méjì nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá mi wá a. Mo dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù. Mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní ìlú yẹn.

Ìkíni ló kọ́kọ́ rú mi lójú níbẹ̀. O kí èèyàn lówùúrọ̀, á wò ẹ́ bí ẹni pé o fẹ́ yáwó. Ọmọ tí mo lè bí ń pè mí lórúkọ. Bí o bá béèrè ilé ẹnì kan, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ló wà láàárín wọn. Òjò ibẹ̀ náà ò dà bí tiwa. Kì í halẹ̀. Ó kàn máa ń dé ni.

Iṣẹ́ náà ò bà mí lẹ́rù. Ọmọ tó ti ru iṣu láti oko Yoko dé ọjà Pobẹ̀, kí ni àpò ìrẹsì fẹ́ fi ṣe é? Ohun tó dùn mí ni pé sẹ́ẹ̀fù kò mọ orúkọ mi. Tó bá ń wá mi, á ní, "Ti Olóyè dà?" Èmi nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo ń fọ ọkọ̀ Olóyè. Mo ń bá ìyàwó ẹ̀ gbé ẹrù lọ sọ́jà. Bí mo bá ní ó rẹ̀ mí, Olóyè á ní, "Ta ló bá ẹ bẹ̀bẹ̀?" Òun ni.

Ó pẹ́ díẹ̀, mo mọ iṣẹ́ náà débi pé àwọn tuntun ń wá wo bí mo ṣe ń to ẹrù. Wọ́n wá ń wá ẹni tó máa ṣe olórí ikọ̀ wa. Àwọn kan dárúkọ mi. Sẹ́ẹ̀fù ní, "Èyí? Olóyè ló bẹ̀ wá ká tó gbà á." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí mo bá gbé ilé ọba lérí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ yẹn ni wọ́n á ṣì máa rí.

Èèyàn lè wà láàárín ariwo kó má rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀, kò sí èyí tó kàn ẹ́. Faransé ò tíì yé mi. Àwọn èdè tiwọn náà ò yé mi. Mo máa ń bá ẹrù sọ̀rọ̀. Bí àpò kan bá wúwo jù, màá bú u ní Ànàgó wa, màá bi í pé kí ni ìyá ẹ̀ bọ́ ọ. Ó máa ń dùn mọ́ mi pé nǹkan kan wà tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń kọjá nínú ọjà, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń bá ọmọdé kan wí. "Wo bó ṣe ń wò mí bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu." Mo dúró. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo dúró títí ó fi yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́, kí lo ń wò?"

"Ẹ máa bá a wí lọ."

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Yoko."

"Yoko lẹ́yìn Sakẹ́tẹ́? Jókòó. O ti jẹun?"

Ará Sakẹ́tẹ́ ni, ọmọ oníṣòwò, mùsùlùmí. Ìyá bàbá Àbẹ̀ní nìyẹn. Àbẹ̀ní ní kí n sọ bí mo ṣe kọnu sí i. Rárá. Ìyẹn ò kan iléèwé.

Láyé ìgbà yẹn, kábíìnì tẹlifóònù kan wà ní Sakẹ́tẹ́ tí ìyá mi lè dé. Mo máa pè, wọ́n á ní kí n pa á ná, ẹnì kan á gun kẹ̀kẹ́ lọ Yoko lọ mú un wá. Mo máa dúró, mo máa tún pè. Ìyá mi á gba tẹlifóònù, kò ní sọ nǹkan kan. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lójú tiẹ̀, òkú nìkan lèèyàn ń bá sọ̀rọ̀ láìrí ojú ẹ̀, kò sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkànní á máa pariwo lẹ́yìn pé, "Ìyá, ẹ dá a lóhùn, ẹ dá a lóhùn." Tó bá ṣe díẹ̀, á ní, "O ti jẹun?" Màá ní mo ti jẹun. Ìgbà míì, mi ò tíì jẹun. Á gbé e fún Àkànní.

Mo máa ń rìn padà síbi tí mò ń gbé, tí etí mi á ṣì gbóná. Mi ò rò pé mo fẹ́ padà sílé. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí níbi tí mo wà ni.

Ìgbà tó yá, Olóyè àti sẹ́ẹ̀fù jà. Mi ò mọ ohun tó fà á títí dòní. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lé gbogbo àwa tí Olóyè bẹ̀bẹ̀ fún. Mo lọ jókòó ní ìsọ̀ obìnrin Sakẹ́tẹ́ yẹn.

"Ìwọ ni wọ́n lé, tàbí Olóyè ni wọ́n lé?"

"Olóyè."

"O ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí nìyẹn."

Ó ń wọn gààrí lọ bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju lílé tí wọ́n lé mi lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi bẹ̀bẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ gba ìsọ̀ tèmi nínú ọjà, èmi fúnra mi ni mo wọ bíró mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Faransé mi ń fẹsẹ̀ kọ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo dúró kó rín in tán, mo tún un sọ. Ó tún rẹ́rìn-ín, mo tún dúró. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fún mi ní ìsọ̀. Mo ń ta gààrí àti epo pupa tó ń ti ọ̀dọ̀ wa wá. Mo fẹ́ obìnrin Sakẹ́tẹ́. A bí Múídì. Múídì bí Àbẹ̀ní. Ọ̀dọ̀ wa ni Àbẹ̀ní dàgbà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀.

Ó wọ yunifásítì. Ó yege, ṣùgbọ́n èékánná ló fi di í mú. Lọ́dún tó kẹ́yìn, ìyàwó mi ń ṣàìsàn, Àbẹ̀ní ń tajà, ó ń tọ́jú ẹ̀. Àwọn obìnrin ìsọ̀ yí wa ká náà ń bá wa tajà, lónìí ẹnì kan, lọ́la ẹlòmíì. Ìyàwó mi kú. Libreville sú mi. Mo padà wá sí Pobẹ̀ tí Àkànní ti kó wá, Àbẹ̀ní ní òun á bá mi wá.

Ní Gabon, wọ́n ń pè mí ní ará Benin. Mo dé Pobẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Gabon. Orúkọ ibi tí mo ti kúrò ni wọ́n máa ń fún mi níbikíbi tí mo bá dé. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń bí mi nínú. Ní báyìí, bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń dáhùn, mo máa ń bá tèmi lọ.

Àbẹ̀ní ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Tó bá gun alùpùpù zẹ́mì, oní-zẹ́mì á gbọ́ ohùn ẹ̀, á ní, "Àǹtí, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?" Á bínú dé ilé.

Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ gbé dosíè lọ sí iléèwé Kútọnu. Àkànní ló wá ẹni ńlá kan ní Sakẹ́tẹ́ tó kọ̀wé ìjẹ́rìí fún un. Ẹni ńlá náà ò rí i rí. Ó kọ ọ́ pé ìdílé wa dára, pé bàbá wa jẹ́ èèyàn àtàtà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bàbá wa kọ́ ló fẹ́ wọ iléèwé. Àbẹ̀ní náà kọ lẹ́tà tiẹ̀. Bí a ṣe tọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, torí ọmọlúàbí kì í yin ara ẹ̀. Ó ní àwọn tajà, àwọn tọ́jú ìsọ̀, àwọn ṣe èyí, àwọn ṣe tọ̀hún. Nípa nọ́ọ̀tì, kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n kọ̀ ọ́.

Ó sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé tẹlifóònù, ó pe iléèwé náà. Mo wà níbẹ̀. Obìnrin kan dá a lóhùn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka dosíè. Àbẹ̀ní ní kì í ṣe pé òun fẹ́ bẹ̀ wọ́n, òun fẹ́ mọ ohun tó kù ni. Obìnrin náà ní, "Mo ka tìẹ. Mo mọ bàbá ńlá rẹ, mo mọ àwọn ará ọjà yín. Ìwọ ni mi ò rí. Nọ́ọ̀tì rẹ náà, o fò ó bí ẹni fo kòtò, o rò pé àwa ò ní já sí i." Ó dágbére fún un.

Àkànní ní ìwọ̀sí ni. Mo ní kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹni tó sọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ fún ẹ kò bú ẹ.

Àbẹ̀ní wá dìde. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń wọ takisí lọ Àjàṣẹ́ lọ kọ́ ìṣirò òwò lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀, ìṣirò kan náà tó gbé e ṣubú ní yunifásítì. Àárọ̀ ló ń lọ, àṣálẹ́ ló ń dé, eruku pupa á bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n dán an wò, ó kùnà. Wọ́n tún dán an wò. Ó gbé nọ́ọ̀tì tuntun wálé, ó fi lé mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé mi ò lè kà á. Mo dì í mú fún ìgbà díẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń lọ sí ẹkù, kòtò tí àwọn obìnrin ń wọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti fún epo pupa, lójú ọ̀nà Sakẹ́tẹ́. Ẹyìn kì í dúró de èèyàn. Bó bá pọ́n, tí wọ́n bẹ́ ẹ, tí wọn ò tètè sè é kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, epo ẹ̀ á kan. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ń dá tiẹ̀ sè, ó ń wá alágbàṣe, alágbàṣe ń wá nígbà tó bá wù ú. Àbẹ̀ní wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé ohun tí àwọn obìnrin ìsọ̀ ṣe fún wa ní Libreville nígbà àìsàn Màmá, kí ni wọ́n ń pè é nílé? Mo ní àáró ni. Lóko, lónìí gbogbo wa wà lóko tèmi, lọ́la gbogbo wa wà lóko tìẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi í sílẹ̀.

Ó lọ sọ fún wọn ní ẹkù pé kí àwọn máa fi àáró tẹ ẹyìn. Ìyá Fẹ̀lìsí ni ẹnu ẹ̀ mú jù níbẹ̀.

"Ọmọ Gabon, ṣé o ti wọ ẹkù rí?"

"Rárá, Ìyá."

"Wọ̀ ọ́ ká wò ẹ́."

Ó wọ̀ ọ́. Ó yọ̀, ó fìdí lélẹ̀ nínú epo, ó jáde wá bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Ìyá Fẹ̀lìsí ní, "Ó dáa. Ẹni tó ti ṣubú níbẹ̀ ti wọ ẹgbẹ́."

Àáró náà gbéra. Kò rọrùn. Nígbà kan, ẹ̀gún gún Ìyá Fẹ̀lìsí lẹ́sẹ̀, ẹyìn ẹ̀ wà nílẹ̀, ó fẹ́ bàjẹ́, kò sì tíì kàn án. Àbẹ̀ní yí ètò padà, ó ní ti Ìyá Fẹ̀lìsí ni kí àwọn kọ́kọ́ ṣe. Obìnrin tó yẹ kó kàn gbé ọwọ́ lé ìbàdí níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ta ló fi ẹ́ jẹ ọba? Ìwọ tí o ò lè kápá yunifásítì." Àbẹ̀ní kó aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọ inú ẹkù. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Nígbà tó kan obìnrin yẹn, Àbẹ̀ní ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Obìnrin náà fún un ní ẹ̀kọ.

Àlájà kan wà ní Àjàṣẹ́ tó ń ra epo wọn. Nígbà tí Àbẹ̀ní tún fẹ́ gbé dosíè lọ, Àkànní ní òun á tún lọ sọ́dọ̀ ẹni ńlá. Àbẹ̀ní ní Àlájà ni yóò jẹ́rìí òun. Àkànní di orí mú.

"Alájàpá epo? Fún iléèwé Kútọnu?"

"Òun ló mọ̀ mí, Bàbá."

Iléèwé náà pe Àlájà lórí tẹlifóònù. Àlájà fúnra ẹ̀ ló wá sọ fún wa. Wọ́n bi í pé irú èèyàn wo ni Àbẹ̀ní. Ó ní, "Olórí kunkun ni. Ó sọ lójú mi pé kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń ra epo tóbi ju ti ẹlòmíì lọ. Mo lé e. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún un sọ. Mo pààrọ̀ kẹ́ẹ̀gì." Àkànní ní ó ti ba ọmọ jẹ́. Ọkàn tèmi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo ọjọ́ lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì. Gbogbo ẹbí, títí kan Múídì lórí tẹlifóònù láti Libreville, ní kó sọ pé àìsàn ìyá àgbà òun ló fà á, kí wọ́n ṣàánú òun. Àbẹ̀ní wá bá mi níbi tí mò ń bó ẹ̀gẹ́.

"Bàbá, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ara Màmá le, mo sì kùnà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé ni, mò ń fi agídí há a sórí."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n á lé mi."

"Má fi òkú ìyàwó mi tọrọ nǹkan."

Ọ̀rọ̀ náà le. Mi ò kó o jẹ. Ó lọ kọ ọ́. Ó kà á fún mi, kò gùn. Ó kọ ọ́ pé apá kan jẹ́ àìsàn nínú ilé, apá kan jẹ́ pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé, pé òun ti kọ́ ọ báyìí, kí wọ́n gbé nọ́ọ̀tì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kí wọ́n wò ó. Ó tún kọ ohun tí òun fúnra ẹ̀ ṣe ní ẹkù. Ó ní "èmi". Ojú ń tì í bó ṣe ń kà á. Ojú ń ti èmi náà. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pè é.

A wọ takisí ní òwúrọ̀. Iléèwé náà tutù, bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí. Wọ́n pè é wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó síta lórí àga. Àwọn ọmọ tó wọ ṣòkòtò dúdú ń kọjá, wọ́n ń wo fìlà mi.

Ó pẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin kan jáde wá bu omi. Ó rí mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí àwọn ará ilé wa ṣe ń kúnlẹ̀. Yorùbá ló sọ. Mo mọ ohùn ẹ̀. Òun ló sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nígbà yẹn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ni bàbá àgbà ọmọ tó wà nínú?"

"Èmi ni."

"Ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ fẹ́ bá wa sọ?"

Ká ní Faransé ló sọ ni, ìbá rọrùn. Yorùbá ló sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bẹ èèyàn wá sí ẹnu mi, wọ́n tò, èyí tó dáa jù wà níwájú. Orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo ro Àkànní. Mo rò ó pé tí wọ́n bá lé ọmọ yìí, kí ni màá wí fún un nínú takisí? Mo wá rò ó pé tí wọ́n bá gbà á nítorí pé mo wólẹ̀, nígbà tó bá kọ́kọ́ ṣe dáadáa níbẹ̀, ẹnì kan á ní, "Ẹni tí bàbá arúgbó yẹn wá bẹ̀bẹ̀ fún?" Mo di àga mú.

"Rárá o. Mo wá jókòó ni."

"Ẹ wá jókòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu ẹ̀ ò dí. Ẹ bi í."

Ó wò mí. Ó mu omi ẹ̀ tán, ó wọlé.

Nínú takisí, lẹ́yìn Àjàṣẹ́, Àbẹ̀ní sọ bó ṣe lọ fún mi. Ọkùnrin kan nínú wọn bi í pé ta ni olórí àáró náà. Ó ní kò sí olórí, ọjọ́ tó bá kàn ẹ́, ìwọ ni ọ̀gá, ọjọ́ kejì ìwọ ni alágbàṣe. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn olórí ni iléèwé àwọn ń wá. Àbẹ̀ní ní kó má bínú, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí nìkan, ẹyìn ẹ̀ á bàjẹ́ nílẹ̀. Wọ́n bi í pé nígbà tí wọ́n bú u, kí ló ṣe. Ó ní òun wọ inú ẹkù. Wọ́n bi í nípa nọ́ọ̀tì, ó sọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́.

"Ṣé ohùn rẹ gbọ̀n?"

"Ó gbọ̀n, Bàbá."

"Kò burú. Ṣé o sọ ọ́ tán?"

"Mo sọ ọ́ tán."

Ibi tí a kọ̀wé dé nìyẹn, tí mo ní kó gbé bírò sílẹ̀, ká máa retí.

Ìdáhùn dé lánàá. Orí tẹlifóònù ẹ̀ ló dé sí. Wọ́n gbà á. Wọ́n ní kó tètè wá ṣáájú àwọn yòókù, kó wá bá àwọn tí ìṣirò wọn ò lágbára jókòó kẹ́kọ̀ọ́ ná. Ó kà á, ó tún un kà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi í bóyá ó dùn ún pé wọ́n fi í sáàárín àwọn tí ò lágbára. Ó ní ibẹ̀ ni òun wà, òun á kúrò níbẹ̀.

Àkànní wọlé wá. Òun fúnra ẹ̀ kí mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọjà yẹn. Ó jókòó tì mí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá kan ni wá. Ta ló bá yín bá wọn sọ ọ́?"

"Kò sí."

"Ó dáa. Ẹ má sọ ọ́."

Kò gbà mí gbọ́. Títí màá fi kú, kò ní gbà mí gbọ́. Ní gbogbo Pobẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé Bàbá Gabon mọ èèyàn ní Kútọnu.

Láàárọ̀ yìí, kí Àbẹ̀ní tó gbé bírò, ọkùnrin kan ti àdúgbò kejì wọ agbo ilé wa. Agbádá ló wọ̀. Ó mú ìgò sódábì dání. Kí n tó kí i, ó ti dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Ọmọbìnrin ẹ̀ ti ṣe yunifásítì tán, nọ́ọ̀tì ẹ̀ kò dáa. Ó ní ẹsẹ̀ mi ni òun dì mú, kí n bá òun bẹ àwọn èèyàn mi ní Kútọnu.

Mo gbé e dìde. Mo dá ìgò ẹ̀ padà fún un. Mo bi í bóyá ọmọ náà lè dìde láàárọ̀ kùtù. Ó ní ó lè dìde. Mo ní kó rán an wá lọ́la, Àbẹ̀ní á mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Fẹ̀lìsí ní ẹkù, àmọ́ kó wọ aṣọ tí kò bẹ̀rù epo.